Níbo Lẹ Dúró Sí? Ìtàn Rélùwéè Kékeré àti Ojú Tó Ń Wò Ó

Ìtàn rélùwéè la gbé dé lónìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀. Èyí tí àwọn àgbàlagbà ń kọ́ sínú yàrá ni: ojú irin tín-ín-rín, òkè, afárá àti ilé kéékèèké. Ẹ má pè é ní eré ọmọdé o. Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ dáhùn: níbo ni òǹwòran máa dúró sí?

Ká sọ pé ọkọ̀ ń yí po lórí tábìlì láàárín yàrá. Ẹ̀yin tẹ dúró lápá ibí máa ní ọ̀tún ló ń lọ. Ọ̀rẹ́ yín tó wà ní òdìkejì máa ní òsì ni. Èwo wá ni ìlà-oòrùn? Ìrìn àjò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ kàn ń yí po lásán ni.

Ní àwọn ọdún 1940, Frank Ellison, tó kọ́ Delta Lines sí New Orleans ní Amẹ́ríkà, fi rélùwéè kékeré wé tíátà: ilẹ̀ àti ilé ni ìtàgé, ọkọ̀ ni òṣèré. Tíátà kò sì lè ṣe kó má ní ibi tí òǹwòran wà.

John Armstrong, ẹni tó gbé ìwé Track Planning for Realistic Operation jáde ní 1963, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀nà míì gbilẹ̀: kí òǹwòran máa bá ọkọ̀ rìn. Ẹ to ojú irin sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ dúró láàárín yàrá, kí ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ pe ọ̀tún yín ní ìlà-oòrùn. Ẹ wá bá ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀tún rìn yí yàrá ká. Ibi yòówù kẹ́ ẹ dé, ọ̀tún náà ló ṣì ń lọ. Kọ́ńpáàsì lè jiyàn, ojú yín ò ní jiyàn.

Oòrùn náà wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Bí ọ̀tún yín bá jẹ́ ìlà-oòrùn, àríwá lẹ kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn ń ràn sí lẹ ó sì máa rí. Ẹ yí i padà, òjìji ló kù.

John Allen, ayafọ́tò ní Monterey, California, mọ iyì ibi ìdúró. Òkè rélùwéè rẹ̀, Gorre & Daphetid, ga láti ilẹ̀ dé àjà. Ó fi jígí pamọ́ síbẹ̀ kí ibi kékeré lè dà bí ibi ńlá. Jígí yẹn kì í ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá dúró síbi tí kò yẹ.

Ó kú ní oṣù January 1973. Láìpẹ́ ọjọ́, iná jó rélùwéè náà. Fọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù. Àwa tá à ń wò ó lórí fóònù lónìí, ibi tí John Allen gbé kámẹ́rà sí la dúró sí. Apá ibi tí kò gbé e dé ti bá iná lọ.

Nítorí náà, bí fọ́tò àtijọ́ kan bá yọ lórí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: níbo lẹni tó yà á dúró sí?