Láìnì Àyà Ọmọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Nílé Kó Mọ́, Kó sì Gbẹ

Àwọn ọmọ kan wà tí ilé-ìwòsàn máa ń dá padà sílé pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yọ jáde láti àyà tàbí apá wọn. Central line ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Láìnì la ó máa pè é níbí. Ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ lè nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, tàbí ọmọ tí ìfun rẹ̀ ò lè lo oúnjẹ. Ó lè wà lára ọmọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ní ilé-ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ló ń mójú tó o. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ọmọ dé Ẹdẹ, ẹ̀yin òbí niṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́.

Kí ni láìnì yìí gan-an?

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ láti fa omi sí i lára, iṣan kékeré ló ń wọ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló sì máa ń lò. Láìnì yàtọ̀ sí ìyẹn. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló ń gbà, orí rẹ̀ sì máa ń dúró nítòsí ọkàn. Ìdí ni pé àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan le débi pé wọ́n lè ba iṣan kékeré jẹ́. Nínú iṣan ńlá, ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń sáré, kíá ló máa pò wọ́n mọ́ra.

Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn dókítà ti ń wá ọ̀nà yìí. Lọ́dún 1929, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Werner Forssmann, ti rọ́bà gba iṣan apá ara rẹ̀ títí dé ọkàn, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1956. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ni Broviac àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé rọ́bà tó lè pẹ́ lára jáde lọ́dún 1973. Robert Hickman, dókítà kíndìnrín àwọn ọmọdé, tún un ṣe lọ́dún 1979. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sọ pé "Broviac" tàbí "Hickman."

Oríṣi mìíràn wà tó ń gba apá wọlé, PICC ni wọ́n ń pè é. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé abẹ́ awọ ni gbogbo rẹ̀ wà, port lorúkọ ẹ̀. Ẹ béèrè èyí tó wà lára ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìtọ́jú wọn ò rí bákan náà.

Kí ló dé tí ìmọ́tótó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Awọ ara ni odi tí Ọlọ́run mọ yí wa ká. Láìnì dá ihò lu odi yẹn, ó sì lọ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó bá gba ibẹ̀ wọlé ò ní dúró lójú kan, gbogbo ara ni ẹ̀jẹ̀ máa gbé e dé. Oògùn jẹjẹrẹ tún máa ń dín àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọmọ náà ò ní agbára púpọ̀ láti bá kòkòrò jà.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ́tótó ń ṣiṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, àwọn yàrá ìtọ́jú àìsàn líle 103 tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ kékeré márùn-ún kan. Ọwọ́ fífọ̀ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni yíyọ láìnì tí ò wúlò mọ́. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ láti ara láìnì dín kù tó ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá ló ṣe é.

Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan láìnì, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ fọ àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi búútà da omi sí yín lọ́wọ́. Ẹ má ri ọwọ́ bọ inú abọ́ omi. Aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kì í ṣe etí ìró.

Ìdérí tó wà lẹ́nu láìnì ni ẹnu ọ̀nà tí kòkòrò fẹ́ràn jù. Kẹ́ ẹ tó fi síríǹjì sí i, ẹ fi òwú sípírìtì ilé-ìwòsàn rin ín dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé-ìwòsàn nìkan ni kó fi omi iyọ̀ fọ inú láìnì. Síríǹjì tó gba mílílítà 10 ni wọ́n sábà máa ń lò, torí kékeré máa ń tì í lágbára jù, ó sì lè bẹ́ rọ́bà. Bí omi bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má fipá tì í. Láìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i nílé rárá.

Bándéèjì gbọ́dọ̀ gbẹ

Bándéèjì tó mọ́lẹ̀ gbòò bíi náílọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó jẹ́ aṣọ, ọjọ́ méjì-méjì ni. Ṣùgbọ́n bó bá tutù, tó dọ̀tí, tàbí tí etí rẹ̀ ṣí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọn ò bá tíì kọ́ yín, ẹ gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku pọ̀. Ẹ má gbá ilẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹ bo imú àti ẹnu yín, kí ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì tàbí abẹ sún mọ́ láìnì.

Ìwẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jókòó ọmọ, kẹ́ ẹ fi omi wẹ̀ ẹ́ láti ìdí sísàlẹ̀. Òkè ara, aṣọ tútù tẹ́ ẹ ti fún dáadáa ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Tí dókítà bá gbà pé kẹ́ ẹ da omi sí i lára, ẹ kọ́kọ́ fi náílọ́ọ̀nù bo bándéèjì àti ìdérí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ yíká. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Láìnì tó yọ síta ò gbọ́dọ̀ wọ odò Ọ̀ṣun, kò gbọ́dọ̀ wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á. Ọmọ tó ń ṣe àlùwàlá, ẹ dúró tì í kí omi má bàa ṣàn gba apá tí PICC wà.

Ooru tún ń mú kí ọmọ làágùn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa wo etí bándéèjì láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀

Òrí, àdín, àgbo, osùn, pọ́dà, Robb: ẹ má fi ìkankan sí ibi tí láìnì ti yọ. Ìyá àgbà lè fẹ́ fi òrí pa á kó lè tètè jinná. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Omi àdúrà náà, kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Ẹ lè gbàdúrà kí omi má kàn án.

Ẹ ṣọ́ra fún òjá. Bẹ́ ẹ bá pọn ọmọ tí láìnì wà láyà rẹ̀, òjá lè tẹ̀ ẹ́ tàbí fà á. Ẹ gbé e sí àyà tàbí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ rọra ká rọ́bà náà, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara lábẹ́ aṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ońdè ò yẹ kó wà nítòsí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà

Ibí yìí ni ẹ̀mí wà. Lọ́dọ̀ wa, tí ara ọmọ bá gbóná, oògùn ibà la kọ́kọ́ máa ń rà. Ọmọ tó ní láìnì yàtọ̀. Tí tẹmómítà bá ti fi 38 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má fún un ní parasitamó láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ fún un, torí ó lè bo ara gbígbóná náà mọ́lẹ̀ nígbà tí àrùn ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ tún sáré lọ bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

– ọmọ ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n fi omi tàbí oògùn sí láìnì;
– ojú ibẹ̀ pọ́n, ó wú, ó ń dùn ún, tàbí ọyún ń jáde;
– rọ́bà tó wà níta gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ;
– ojú, ọrùn tàbí apá ọmọ wú;
– ọmọ ò lè mí dáadáa, tàbí ó rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Bí rọ́bà bá já tàbí ya, ẹ fi kílípì dí i ní àárín ibi tó ti ya àti ara ọmọ. Bí kò bá sí kílípì, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ dì í mú pinpin. Bí ìdérí bá bọ́, ẹ fi kílípì dí i kíá kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Bí ọmọ ò bá lè mí dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Bí láìnì bá fà yọ pátápátá, ẹ fi aṣọ ilé-ìwòsàn mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, ẹ má sì tì í padà. Ilé-ìwòsàn ló kàn nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ tọ́jú àpò kan sẹ́nu ọ̀nà: kílípì, bándéèjì, ìbọ̀wọ́, tẹmómítà, owó ọkọ̀, àti ìwé tó ní orúkọ láìnì, oògùn ọmọ àti nọ́ńbà wọ́ọ̀dù. Ẹ ti bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ ọ́ ṣáájú, ẹni tẹ́ ẹ lè pè lóru. Ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ dókítà yín ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà: ṣé ilé-ìwòsàn ìjọba ní Ẹdẹ níbí ni, àbí UNIOSUN Teaching Hospital ní Òṣogbo, àbí kẹ́ ẹ kọrí sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn tààrà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni: "Ọmọ mi ní central line, ara rẹ̀ sì gbóná."

Ohun tí nọ́ọ̀sì yín bá kọ́ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé bó bá yàtọ̀ sí èyí tó wà níbí, torí àwọn ló mọ ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún gbogbo ẹni tó ń bá yín gbé ọmọ náà, títí kan ìyá àgbà àti olùkọ́ rẹ̀.