Ohun Tí Iṣẹ́ Wọn Yí Padà: Àgbéyẹ̀wò Àṣeyọrí Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Àwọn Yunifásítì Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí yunifásítì bá ń ṣe ayẹyẹ ọdún, ìwé tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún àlejò kì í ṣàì ní ojú-ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà tó ti rọ́wọ́ mú sí: gíwá, mínísítà, ọba, olórí báńkì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe dáadáa ló ń gbayì. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tó kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, èrò wa ni pé ipò nìkan kò tó láti fi wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ń wádìí níhìn-ín ni ohun tí iṣẹ́ wọn yí padà nínú oko, nínú àgọ́ adìẹ àti nínú omi tí ará abúlé ń mu. Yunifásítì mẹ́ta la gbájú mọ́: ti Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ (tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí) àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta (FUNAAB).

Ìtàn ìdásílẹ̀ wọn kò ní gbà wá ní àkókò. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì dé ibẹ̀ ní 1949. Ifẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ 244 wọlé ní 1962, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára ẹ̀ka márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀. Ti Abẹ́òkúta dé ní 1988, Nurudeen Adédìpé, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ewéko, sì ni gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọnàbámirò àti omi ọ̀gọ̀dọ̀

Olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Sànyà Dòjó Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, sí. Ó ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Iṣẹ́ tó ṣe kó tó di mínísítà ló wù wá jù. Onímọ̀ nípa kòkòrò afàrùn ni, ó sì ṣe ìwádìí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1951, ó tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí bí sòbìyà ṣe ń ràn ní abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tí sòbìyà ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ lọ pọnmi. Bí omi bá ti kan egbò náà, aràn á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò omi kékeré kan, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí, á gbé àwọn ọmọ aràn yìí mì. Ẹlòmíràn á bu omi náà mu, kòkòrò á kú sínú ikùn rẹ̀, aràn á sì wà láàyè. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kó tó yọ, ó sì lè gùn tó mítà kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àrùn yìí máa ń ràn jù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ọ̀gọ̀dọ̀ bá ti fà tí àwọn kòkòrò náà sì kúnnú ìwọ̀nba omi tó kù. Kòkòrò kékeré yìí gan-an ni Ọnàbámirò fi iṣẹ́ rẹ̀ wá kiri. Àwọn onímọ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀, *Tropocyclops onabamiroi*.

Kí ló dé tí a fi dúró pẹ́ lórí èyí? Sòbìyà kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Ohun tó lé e lọ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, oògùn tí wọ́n ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀, kànga, àti ìlàlóye fún ará abúlé pé kí ẹlẹ́gbò má wọ inú omi mímu. Kòkòrò inú omi ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà ní Nàìjíríà pé sòbìyà ń dà láàmú lé ní 650,000. Ẹni ìkẹyìn tí àrùn náà ṣe ni a rí ní 2008, àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣe é, ṣùgbọ́n Ọnàbámirò wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà rẹ̀.

Oyènúgà, Adébámbọ̀ àti adìẹ abọ́lọ́rùn

Victor Adénúgà Oyènúgà, ọmọ Ìṣọ̀nyìn ní Ìjẹ̀bú, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbà ilẹ̀ wa tí a dá sílẹ̀ ní 1977. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ ènìyàn àti oúnjẹ ẹran ní Nàìjíríà ni a fẹ́ kí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó kó iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti koríko ilẹ̀ wa wọ yàrá àyẹ̀wò, ó sì kọ iye èròjà aṣaralóore tó wà nínú wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ po oúnjẹ ẹran nílẹ̀ yìí rí ohun tó lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ ló ṣáájú iṣẹ́ tó bí adìẹ FUNAAB Alpha, tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Adìẹ ìbílẹ̀ wa kéré, ẹyin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara da oòrùn. Adìẹ òyìnbó tóbi, àmọ́ oúnjẹ àti oògùn rẹ̀ ń fọ́ àpò. Lára àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ yìí yẹ̀ wò ni abọ́lọ́rùn, tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, àti aṣá, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká. Níwọ̀n bí ìyẹ́ abọ́lọ́rùn kò ti pọ̀, ooru ara rẹ̀ tètè ń jáde, kì í sì í mí hẹlẹhẹlẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn bí àwọn yòókù. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sìn lẹ́yìnkùlé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìmọ̀ ìran-jíjọ (ìmọ̀ àbùdá àjogúnbá) gbé yẹ̀ wò, tó sì sọ di ohun ọ̀sìn tó ń mówó wọlé. Lójú wa, iṣẹ́ yìí tó oyè èyíkéyìí.

Ọ̀nà àwọn tó gba ilé ìjọba lọ

Àwọn kan kò dúró sí yàrá àyẹ̀wò. Akínwùmí Adéṣínà fi èsì onípele kìíní jáde nínú ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1981, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Purdue, Amẹ́ríkà, ní 1988. Nígbà tó jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 2011 sí 2015, orí fóònù ni ètò rẹ̀ ti ń fi ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi ń gba ajílẹ̀ ránṣẹ́ sí àgbẹ̀, kí alágbàtà má bàa gbé e mì lójú ọ̀nà. Ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2017, ó sì jẹ́ ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà láti 2015 sí 2025. Ipò ńlá nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ètò fóònù yẹn gan-an ló yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tú palẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn tí a kò dárúkọ

Ẹ̀wà Ife Brown jáde láti ilé ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn, lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Àwọn tó ń gbìn ín pọ̀, àwọn tó lè dárúkọ ẹni tó ṣe é kò tó nǹkan. Ìlú Ìkirè ṣe ohun tó yàtọ̀: wọ́n fi Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé ní Ìbàdàn, jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní 1983, nítorí igi ẹ̀gẹ́ tó fún wọn kò gba àrùn ewé tó ti ń ba ẹ̀gẹ́ wọn jẹ́. Àwọn ará Ìkirè wo iṣẹ́ kí wọ́n tó fúnni lóyè.

A rọ àwọn yunifásítì wa kí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún gbogbo irúgbìn, ẹ̀yà ẹran àti ìwádìí ìlera tó jáde lọ́wọ́ wọn, kí orúkọ onímọ̀, ti òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò àti ti abúlé tí wọ́n ti ṣe é wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú.