Kì í ṣe abẹ́ igi ni wọ́n bí Indonésíà sí

Àwọn ará Ende, ní erékùṣù Flores, máa ń fi igi gbẹ̀rẹ̀fútù kan han àlejò. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni Sukarno, tó padà di ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, máa ń jókòó sí nígbà tí òyìnbó Dọ́ọ̀ṣì lé e lọ síbẹ̀ láti 1934 sí 1938, pé ibẹ̀ ni Pancasila, ìlànà márùn-ún tí Indonésíà dúró lé, ti sọ sí i lọ́kàn. Ẹ̀ka márùn-ún ni igi náà ní, wọ́n á ní kí o kà á. Igi àkọ́kọ́ ti wó o. Òmíràn ni wọ́n gbìn rọ́pò.

Èmi ò bá igi jà. Ohun tí mi ò gbà ni ìtàn tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀: pé ilẹ̀ tí Mùsùlùmí kún fọ́fọ́ yìí kò di ìjọba Ìsìláàmù nítorí pé ọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan bá gbogbo wọn ro ó.

Lóòótọ́, Sukarno ló ka ìlànà márùn-ún sétí ìgbìmọ̀ tó ń múra òmìnira sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1945. Àmọ́ lẹ́nu tirẹ̀, ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ló kẹ́yìn. Ó tiẹ̀ ní bí márùn-ún bá pọ̀ jù, kí wọ́n fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, gotong royong, ohun tí àwa ń pè ní ọ̀wẹ̀. Lónìí, Ọlọ́run ló ṣíwájú. Ta ló gbé e síbẹ̀?

Èèyàn mẹ́sàn-án ni: Mùsùlùmí mẹ́jọ àti A. A. Maramis, Kristẹni. Lọ́jọ́ 22 oṣù yẹn wọ́n fẹnu kò sórí Àdéhùn Jakarta, ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún òfin ilẹ̀ náà. Wọ́n gbé Ọlọ́run síwájú, wọ́n sì so ọ̀rọ̀ méje mọ́ ọn: pé dandan ni kí Mùsùlùmí máa tẹ̀ lé Ṣàríà. Méje péré ni lédè wọn.

Wọ́n kéde òmìnira lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹjọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Jàpáánì kan wá bá Hatta, tó bá Sukarno kéde òmìnira: àwọn Kristẹni ìlà-oòrùn ní bí ọ̀rọ̀ méje yẹn bá wà níbẹ̀, àwọn ò bá wọn ṣe mọ́. Ilẹ̀ mọ́, Hatta pe àwọn aṣáájú Mùsùlùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi fọwọ́ sí òfin ilẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ki Bagus Hadikusumo, olórí Muhammadiyah, ló le jù. Kasman Singodimedjo, aṣáájú Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ló fi èdè Jáfà tó rọ̀, èyí tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, pàrọwà fún un: ọ̀tá wà lẹ́nu ọ̀nà, òfin ìgbà díẹ̀ sì lèyí, a ó tún un ṣe. Bàbá gbà. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ méje, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run. Etí Mùsùlùmí wo ni kò ní gbọ́ tọ́híìdì níbẹ̀?

Àwọn tó ní ẹrù ló sọ ọ́ kalẹ̀, lórí ìlérí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn láti kọ òfin tuntun fi máa jókòó ní Bandung ní 1956, Ki Bagus ti kú. Wọ́n fà á títí, ẹgbẹ́ kankan kò rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò. Ọjọ́ 5 oṣù Keje 1959 ni Sukarno tú wọn ká, tó dá òfin 1945 padà. Ọ̀rọ̀ méje kò padà. Kasman kábàámọ̀ ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ méje náà. Síbẹ̀, inú àṣẹ tí Sukarno fi tú wọn ká gan-an ló kọ ọ́ sí pé Àdéhùn Jakarta ni ẹ̀mí tó wà nínú òfin náà.