Ẹsẹ̀ Mini, láti Longbridge dé Monte Carlo

Nígbà tí Alec Issigonis gbé ọkọ̀ Mini jáde lóṣù Kẹjọ ọdún 1959, kì í ṣe ti eléré ìje ló ń rò. Ọ̀wọ́n epo tó bá ìjà Suez wá ní 1956 ló bí ọkọ̀ náà. Àwọn ọ̀gá BMC, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní Longbridge, fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní mu epo, tí èèyàn mẹ́rin á wọ̀, tí apá òṣìṣẹ́ sì máa ká owó rẹ̀. Rímù rẹ̀ ò ju ínṣì 10 lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìbú, ẹsẹ̀ iwájú ló sì ń wọ́ ọ.

Iṣẹ́ àláìmẹ́ǹtì ni mo ń ṣe, lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ní London, níbi tí oníbàárà ti ń kí mi kú iṣẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń wò ó. Mini àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù.

Ìwé ilé-iṣẹ́ sọ pé kí camber iwájú rẹ̀ wà láàárín dìgírì 1 sí 3 síta, ìyẹn ni pé kí orí táyà fì síta, kí ìdí rẹ̀ wọlé. Èyí ń jẹ́ kí ọwọ́ ọkọ̀ fúyẹ́ fún ẹni tó ń ra ẹran lọ́jà tó sì ń páàkì létí títì. Caster rẹ̀ jẹ́ dìgírì 3: ìlà tí ẹsẹ̀ ń yí lé fì sẹ́yìn bíi fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, òun ló ń dá ọwọ́ padà sáàárín. Toe iwájú, ìyẹn bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe kọjú síra tàbí síta, ló ń ya àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọjú síra díẹ̀, torí ilẹ̀ á máa tì í síta. Ti Mini yàtọ̀, ẹsẹ̀ iwájú fúnra rẹ̀ ló ń fa ọkọ̀, bó bá sì ti ń fà á, ó ń sá wọlé. Ni wọ́n bá ṣí i síta ní 1/16 ínṣì, kó lè gún bó bá ń lọ. Ẹ̀yìn wọlé ní 1/8.

John Cooper ló rí eré nínú ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni Jack Brabham fi gba ife Formula 1 ní 1959 àti 1960, nítorí náà ó mọ ohun tó ń wò. Mini Cooper jáde ní 1961, Cooper S ní 1963. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1964, Paddy Hopkirk ti fi í gba ìdíje ráálì Monte Carlo. Timo Mäkinen gbà á ní 1965, Rauno Aaltonen ní 1967. Ti 1966, iná iwájú ọkọ̀ ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ má dárúkọ ọdún yẹn létí àgbà òyìnbó tó ní Mini, bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ń lọ.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré ya kọ́nà, ara rẹ̀ á fì, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta á dà síta, etí rẹ̀ nìkan lá máa tẹ ilẹ̀. Àwọn eléré ìje fẹ́ kí orí táyà wọlé ṣáájú, kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ bí ara bá fì. Ṣùgbọ́n camber Mini ò ṣeé yí; toe iwájú nìkan ni ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ fún sípánà. Wọ́n wá ń fi lower arm, irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú, tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ti ìdí táyà síta. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí ń gbé camber dé dìgírì kan àti àbọ̀ sínú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé Cooper rẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e dé dìgírì mẹ́ta sínú." Mo bi í níbi tó ń gbà. Títì A2 ni, lọ sẹ́nu iṣẹ́, àfi òpin ọ̀sẹ̀ tó bá dára. Mo ní dìgírì mẹ́ta á jẹ etí inú táyà rẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ, bó bá sì tẹ bíréèkì lójijì, ilẹ̀ tí táyà ń dì mú á kéré. Toe tí ò tọ́ sì tún ń jẹ táyà ju camber lọ. Camber làwọn èèyàn ń rí, wọn ò rí toe.

Mo ní kó jókòó sídìí ọwọ́. Ọkọ̀ tí ò tó 700 kìlógíráàmù, ìwúwo awakọ̀ tó láti yí camber rẹ̀ padà. Mo ta okùn ọ̀rá lọ́tùn-ún lósì, kó ga dé àárín rímù. Ẹsẹ̀ iwájú Mini fi nǹkan bíi mìlímítà 40 fẹ̀ ju tẹ̀yìn lọ, nítorí náà okùn gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 20 jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irọ́ ló ń wọ̀n. Mo fi rúlà irin wọn etí rímù níwájú, mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ wọn ni toe. Mo yí tie rod, irin tó ń darí ẹsẹ̀, díẹ̀, mo ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn kí táyà jókòó, mo tún wọ̀n ọ́n.

Bí toe bá tilẹ̀ tọ́, ọ̀nà ilẹ̀ yìí ga láàárín kí omi lè ṣàn, òsì la sì ń gbà, torí náà ọkọ̀ á máa fà sósì díẹ̀.

Ọmọ náà gba camber dìgírì kan àti àbọ̀ sínú níwájú, ìdajì dìgírì lẹ́yìn, toe síta tín-ín-rín. Caster, mo fi irin àfikún tó ṣeé yí gbé e dé 4. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní ọwọ́ ti le. Mo ní caster ni, mo lè dín in kù. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.