Iṣẹ́ tá a jọ kọ́ kì í pa ọjà ẹnìkan: ìtàn àwọn ayàwòrán Òṣogbo

Ádímìn yín ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, a ń jiyàn bóyá kí ẹni tó mọ iṣẹ́ máa fi han àwọn tó kù. Àwọn kan ní ẹni tó bá tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ síta, ọjà ara rẹ̀ ló bàjẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìtàn Òṣogbo ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, ọ̀gá tíátà, sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń pàtẹ àwòrán. Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, wà nídìí ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Mbari ni wọ́n ń pe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn, èdè Ìgbò ni. Àwọn ará Òṣogbo yí i sí tiwọn, ó di Mbárí Mbáyọ̀: tí mo bá rí i, inú mi á dùn.

Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kò sọ fún wọn pé báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe é. Wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún tíátà Ládiípọ̀. Muraina Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń ṣeré níbẹ̀. Táíwò Ọláníyì tá a mọ̀ sí Twins Seven-Seven, oníjó ni.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, àmọ́ wọn ò túká lẹ́yìn ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ẹnìkan ń ṣe, ojú ẹnìkejì ń rí i. Tó bá jẹ́ pé rírí ló ń jí iṣẹ́ gbé, àwòrán wọn ì bá jọra bí ìbejì. Ẹ lọ wò ó. Twins Seven-Seven ń fi ìlà tíntìntín ya iwin. Buraimoh mú ìlẹ̀kẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwòrán. Adébísí Fábùnmi mú òwú.

Ẹ̀yin ará Kogí, ẹ gbọ́ tiyín. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, ọmọ Ogidi, ti mọ aṣọ híhun àti àdìrẹ láti ilé kó tó dé Òṣogbo, kó tó fẹ́ Twins Seven-Seven. Ní 1983, ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ìyẹn pa ọjà ẹ̀? Gálárì ńlá tó ní l'Ékòó ń dáhùn.

Ẹnìkan lè ní àwòrán kọ́ ni ọṣẹ, ọṣẹ tèmi àti tìẹ lè jọra. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń dá ṣe é nínú yàrá ẹ̀, àṣìṣe kan náà ni yóò máa tún ṣe, kò sẹ́ni tó máa là á lójú. Oníbàárà sì mọ ọwọ́ tó ń rà.

Torí náà, ẹni tó bá mọ nǹkan, kó mú irin iṣẹ́ ẹ̀ wá sípàdé ọjọ́ Àìkú, kó ṣe é lójú wa, káwa náà fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fọ́ìsì sílẹ̀.