Àwọn sójà tí wọ́n kọ «inconnu» sí ibojì wọn

Ìtàn tí a fẹ́ kà lónìí jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tí ó lọ sójú ogun, tí àwọn ará ilé wọn kò rí òkú wọn sin.

Nígbà tí Faransé ń jọba lórí wa, tí Benin ṣì ń jẹ́ Dahomey, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Àjàṣẹ́, láti Sakété, láti Pobè àti Kétu, wọ́n ń sọ wọ́n di sójà. «Tirailleurs sénégalais» ni wọ́n ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà rárá. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó gbà láti lọ. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba. Àwọn mìíràn sá lọ sí Nàìjíríà. Ẹ sáà mọ̀ pé ààlà kò jìnnà.

Ogun kejì dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, àwọn Jámánì ti wọ Paris. Ní Chasselay, abúlé kan nítòsí ìlú Lyon, wọ́n ní kí àwọn tirailleurs ti ẹgbẹ́ ogun 25 dúró dí ọ̀nà. Wọ́n jà ní ọjọ́ 19 àti ọjọ́ 20. Nígbà tí agbára wọn kò ká a mọ́, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn. Àwọn Jámánì ya àwọn òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n kó àwọn dúdú lọ sí pápá kan, wọ́n sì yìnbọn pa nǹkan bí 50 nínú wọn. Ẹni tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́ mọ́ ni wọ́n pa bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó Faransé kan tí ń jẹ́ Jean Marchiani kò fẹ́ kí òkú wọn ṣègbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́ ní agbègbè náà. Ó wá ilẹ̀, ó kó òkú jọ láti oko àti láti abúlé gbogbo. Ó mọ ògiri pupa yí ibẹ̀ ká, bí ògiri ilé amọ̀ tiwa. Wọ́n tilẹ̀ fi ọkọ̀ òfurufú gbé erùpẹ̀ wá láti Dakar, wọ́n dà á mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 1942 ni wọ́n ṣí i. Ibojì 196 ni ó wà níbẹ̀, 188 nínú wọn jẹ́ ti àwọn tirailleurs.

Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ibojì, «inconnu» ni wọ́n kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò mọ ẹni yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn le jù lójú tèmi. Ọkùnrin tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí ìyá rẹ̀ ń kì, tí ó ní agbo ilé! Ẹ wá ro ti àwọn ará ilé rẹ̀. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ìwé. Ṣé kí wọ́n ṣe òkú ni, àbí kí wọ́n máa retí? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé opó ni, àbí aya ẹni tí ó rìnrìn àjò?

Nígbà tí Béhanzin kú ní Algérie ní 1906, ọdún 22 ni ó gbà kí wọ́n tó gbé egungun rẹ̀ padà sí Abomey ní 1928. Ọba sì ni o. Ti àwọn sójà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ń wádìí tú ìwé ogun àtijọ́ wò, títí wọ́n fi rí orúkọ 25 lára àwọn tí a kò mọ̀ ní Chasselay. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ọdún 81 ti kọjá.

Ti Thiaroye, nítòsí Dakar, kò tíì parí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá 1944, àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa àwọn tirailleurs tí ó ti ẹ̀wọ̀n Jámánì dé, nítorí pé wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ọmọ Dahomey wà nínú àwọn tí ó dé yẹn. Faransé ní òkú 35, lẹ́yìn náà wọ́n ní 70. Ní 2025, Sẹ̀nẹ̀gà gbẹ́ ilẹ̀ ibojì ibẹ̀, wọ́n rí egungun tí ọta ìbọn wà lára rẹ̀. Orúkọ wọn ni ó kù.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé yín, ẹ ṣí àpótí àwọn àgbà wò. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, abúlé rẹ̀, àti ogun tí ó lọ. Ìjọba Faransé ti gbé ìwé àwọn sójà tí ó kú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín lè bá yín wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè wa ni ó kọ orúkọ náà. Ògúnbíyìí lè di Ogoubiyi, Àkànní lè di Acany. Ẹ wá a lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.