Ọ̀wọ́ Mẹ́rin, Ìlú Kan

Nínú géèmù ogun tí a ń gbá, jagunjagun la máa ń kọ́kọ́ kó jọ. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ìjòyè Ìsàlẹ̀ Èkó: Àkárìgbèrè, tí Elétù Òdìbò ṣáájú, ń bá ọba ṣàkóso; Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀; Ògáládé ló ń ṣètùtù; Àbàgbọ́n, tí Aṣọ́gbọ́n ṣáájú, ló ń jagun.

Ní Oṣù Kejìlá 1851, Èkó jà fitafita, àmọ́ àgbá Gẹ̀ẹ́sì borí. Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú. Ní 1861, Èkó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 1921, ìjòyè Ìdẹ́jọ kan, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, jàre ìjọba amúnisìn ní London lórí ilẹ̀ Àpápá. Kò gbé idà. Ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀ nígbà tí a bá tún ń to ọmọ ogun wa.